Corolla 2003 mi ń sáré fúnra rẹ̀, sílóò ò wálẹ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Corolla 2003 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọ́tò. Tòkunbọ̀ ni, ọdún kẹta rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni radiétọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jò. Mo gbé e lọ fún mẹkáníìkì kan ládùúgbò wa, ó sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ọkọ̀ padà ni sílóò rẹ̀, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́tù (pẹ́dà tí a fi ń sáré), ti ga. Tí mo bá sítáàtì láàárọ̀, abẹ́rẹ́ RPM (tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á fò sókè sí 2,000. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù àárọ̀ ni, àmọ́ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú lójú títì, 1,800 ló ṣì máa wà, ẹsẹ̀ mi ò sì sí lórí tọ́tù rárá.

Tí mo bá fi sí D nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, ṣe ni ọkọ̀ á máa fà mí lọ bí ẹṣin tí ìjánu rẹ̀ já. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Epo tí mò ń lò fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti ń tán lọ́jọ́ méjì àbọ̀. Mo dá a padà fún mẹkáníìkì náà, ó yí sikúrúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà tọ́tù wọ̀, sílóò sì wálẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kí n tó délé ó ti gòkè padà. Ó wá ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́, kí n lọ wá owó. Kí n tó ná owó tí mi ò ní, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí ọ̀rọ̀ yìí?

Awakọ̀ Abẹ́òkúta:
Ẹ má tíì ra brain box o! Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹsẹ̀ yín. Rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ méjì ni mo tẹ́ léra wọn nínú Camry mi lọ́dún tó kọjá, ti òkè yẹn ló yọ́ lọ síwájú tó lọ há sábẹ́ tọ́tù. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wá mẹkáníìkì káàkiri. Mo gbé rọ́bà kan kúrò, ó parí.

Mẹkáníìkì Agodi:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ararọ̀mí ní Agodi Gate níbí ni mo wà, brain box tí mo ti rí tí àwọn ènìyàn rà lásán kò ṣe é kà. Ó máa ń bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òun ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ohun tí a ó fura sí.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹnì kankan ò ní í rí i tàn. Nínú ọkọ̀ oní-injector bíi tìrẹ, tọ́tù tí ò ń tẹ̀ kì í ṣí epo. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣí. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà nínú throttle body, bọtafláì là ń pè é níbí, òun ni wáyà tọ́tù ń fà. Brain box á wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó wọlé, á wá fọ́n epo tó bá a mu sí i. Afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ, epo ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré tí ẹsẹ̀ rẹ ò sí lórí tọ́tù, afẹ́fẹ́ kan wà tó ń rí ibì kan wọlé. Ibi tó ń gbà wọlé ni kí á wá, ká má tíì dárúkọ ohun tí a ó rà.

Ó lè jẹ́ bọtafláì ni kò padé dé ìdí, bóyá wáyà ti le jù tàbí èérí dúdú ti há a. Ó lè jẹ́ IAC, ìyẹn fáàfù kékeré tó wà nísàlẹ̀ throttle body, tó máa ń fún ẹ́ńjìnnì ní afẹ́fẹ́ díẹ̀ nígbà tí bọtafláì bá padé. Ó lè jẹ́ rọ́bà kan ló ya tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì kan ló gbẹ. Tàbí kó jẹ́ pé brain box ló mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé e sókè, torí nǹkan kan ń sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ṣì tutù.

Eléyìí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ bi ọ́ léèrè lé lórí. O ní ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ radiétọ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ṣé wọn ò yọ tẹmọsítáàtì rẹ dànù, ìyẹn fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi ẹ́ńjìnnì lọ sínú radiétọ̀ títí á fi gbóná?

Lórí sikúrúù yẹn, inú mi ò dùn sí i rárá. Kì í ṣe sikúrúù sílóò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ti yí i sí ibi tó yẹ kó wà, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí bọtafláì má baà há mọ́ ara ihò rẹ̀. Tí wọ́n bá ti tú u sẹ́yìn, tọ́tù lè há lójijì nígbà tí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kó wá já wuruwuru. Sensọ̀ tó ń sọ ipò bọtafláì fún brain box náà ò ní í sọ òótọ́ mọ́. A ó dá a padà, àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ká kọ́kọ́ wá afẹ́fẹ́ yẹn.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo rọ́bà ìtẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pe mẹkáníìkì yẹn lórí fóònù, ó ní òun yọ tẹmọsítáàtì lóòótọ́, pé ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò rẹ̀.

Bàbá Táksì:
Òótọ́ ló sọ. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wa ọkọ̀ láìsí tẹmọsítáàtì, ọkọ̀ mi ò hó rí. Àwọn Òyìnbó ló nílò rẹ̀ nítorí yìnyín.

Mẹkáníìkì Agodi:
Bàbá, mo gbà pé ọkọ̀ yín ò hó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó. Tẹmọsítáàtì Corolla yìí kì í ṣí títí omi inú ẹ́ńjìnnì fi gbóná dé bíi 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀sán gangan Ìbàdàn, tí oòrùn bá mú jù, kò ju bíi 35 sí 38 lọ. Ẹ wo bí 38 ṣe jìnnà sí 82. Ooru ilẹ̀ wa kọ́ ló kan ẹ́ńjìnnì, ìgbóná tirẹ̀ ló ń wá. Tí tẹmọsítáàtì ò bá sí níbẹ̀, omi á máa yí lọ yí bọ̀ nínú radiétọ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti sítáàtì, pàápàá tí ẹ bá ń sáré lójú títì tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ẹ́ńjìnnì ò sì ní í gbóná dé ibi tó yẹ. Brain box á máa wo sensọ̀ ìgbóná, á rí i pé omi tutù, á ní, “Àárọ̀ ṣì ni.” Á gbé sílóò sókè, á sì máa fọ́n epo kún epo. Ibẹ̀ ni epo ọjọ́ mẹ́rin ti ń di ti ọjọ́ méjì àbọ̀.

Mo mọ ohun tó fà á tí a fi ń yọ ọ́. Omi kànga tí a ń dà sí radiétọ̀ máa ń mú kí inú rẹ̀ dípẹtà, ọ̀nà á dí, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí hó, a ó wá yọ tẹmọsítáàtì kí omi lè ráyè kọjá. Radiétọ̀ tó dí ni àìsàn yẹn. Èmi náà ti yọ ọ́ rí fún àwọn oníbàárà nígbà tí mi ò tíì mọ̀. Mi ò yọ ọ́ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ọmọ Mọ́níyà, 1,800 ti pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ tẹmọsítáàtì nìkan. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, 1,200 sí 1,500 la máa ń rí, ó sì yẹ kó máa rọra bọ̀ wálẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí fún mi lọ́la.

Kí o tó sítáàtì, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fi ọwọ́ fa wáyà tọ́tù níbi throttle body, kí o sì jù ú sílẹ̀. O gbọ́dọ̀ gbọ́ “kọ́” bí bọtafláì ṣe padé. Wáyà náà gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀, tó bá le gan-gan bí okùn gángan, òun ló ń fa bọtafláì ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, sítáàtì, kí o sì fetí sílẹ̀ yíká manifold, ìyẹn páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tó ń jí wọlé máa ń súfèé. Mú pílásì tí o fi aṣọ wé lẹ́nu, kí o fi máa fún àwọn rọ́bà kéékèèké tó wọ inú manifold pa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa wo abẹ́rẹ́ RPM. Rọ́bà tí o bá fún pa tí sílóò wálẹ̀, ibẹ̀ ni olè ń gbà wọlé. Má gbàgbé rọ́bà ńlá tó lọ sí bíréèkì, ìyẹn tó wọ inú ìlù dúdú lẹ́yìn master cylinder (ibi tí a ń da ọ́ìlì bíréèkì sí). Tó bá jẹ́ òun ló ń jò, bíréèkì rẹ náà á le bí òkúta, má fi ìyẹn ṣeré.

O máa rí i tí àwọn kan ń fọ́n carburetor cleaner yíká ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti fi wá ibi tó ń jò. Èmi ti rí iná tó ti ibẹ̀ ràn. Exhaust máa ń gbóná. Omi lásán nínú ike tí ìyàwó fi ń fín irun tó, rọra fọ́n ọn sí ìdí gásíkẹ́ẹ̀tì manifold. Tí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà, o ti rí i.

Rewáyà Ọ̀jọ̀ọ́:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ti iná kún un. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú OBD2 oníhò mẹ́rìndínlógún lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ibi tí a ń ki scanner tó ń bá brain box sọ̀rọ̀ bọ̀, kódà bí iná check engine ò bá tàn. Scanner Bluetooth kékeré wà tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ má wo kóòdù nìkan, ẹ wo ibi tó ń sọ ìgbóná omi. Tí ẹ bá ti wà á fún ogún ìṣẹ́jú tó ṣì ń sọ 50 tàbí 60, ẹ ti mọ̀ pé tẹmọsítáàtì ni. Tó bá ń sọ òdo tàbí nǹkan tí kò jọra rárá, bíi pé ẹ wà nínú fíríìjì, sensọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni. Ẹ lè fi mítà wọn sensọ̀ yẹn: tó bá tutù, ó máa wà ní bíi kilo-ohm méjì àbọ̀, tó bá gbóná dé 80, á bọ́ sí bíi 0.3.

Ní ti kóòdù, P0128 túmọ̀ sí pé ẹ́ńjìnnì ò gbóná tó. P0171 ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ìyẹn ló máa ń yọ tí rọ́bà bá ya. P0505 tàbí P0507 sì jẹ́ ọ̀rọ̀ sílóò fúnra rẹ̀. Kóòdù kì í sọ pé kí ẹ ra nǹkan kan. Ibi tí ẹ ó wò ló ń tọ́ka sí.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Tèmi náà ń sáré, àmọ́ kì í ṣe bíi ti wọn. Sienna ni. Tó bá dúró, sílóò rẹ̀ dára, kò ga. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gun òkè Mápó, RPM á lọ sí 4,000, ariwo á gba gbogbo àdúgbò, ọkọ̀ ò sì ní í yára ju bó ṣe wà lọ. Ṣé IAC náà ni?

Mẹkáníìkì Agodi:
Rárá, ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ béèrè, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ throttle body rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré nígbà tí ọkọ̀ dúró, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Tó bá ń sáré nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, tí ọkọ̀ ò sì tẹ̀ lé e, agbára ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, kò dé ẹsẹ̀ táyà. Gíà ló ń yọ̀.

Kí ọkàn yín má tíì pòrúùru. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá O/D OFF (ìyẹn pé wọ́n ti pa gíà tó ga jùlọ) ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ máa ń tẹ bọ́tìnnì yẹn lára gíà. Àmọ́ ìyẹn kì í mú kí ọkọ̀ kọ̀ láti yára. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú, ẹ fi sí P, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn gíà ọ́ìlì jáde. Ẹ nù ún, ẹ tún tì í bọlẹ̀, ẹ fà á jáde padà. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ó ń jò níbì kan. Pupa ló yẹ kó jẹ́. Tó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ má wà á gun òkè kankan mọ́ títí ẹni tó mọ gíà á fi wò ó. Ẹ sì bá mi wò ó nínú ìwé ọkọ̀ irú gíà ọ́ìlì tó sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da èyí tí wọ́n bá rí sí i.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Houston:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè òkun níbí, ohun kan wà tí mi ò tíì rí kí ẹnì kankan sọ: kí lẹ máa ṣe tó bá ṣẹlẹ̀ lórí eré? Ọ̀rọ̀ rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ tí Awakọ̀ Abẹ́òkúta mú wá yẹn ti pa ènìyàn níbí. Ní 28 oṣù kẹjọ 2009, nítòsí San Diego, rọ́bà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà mú tọ́tù Lexus ES 350 mọ́lẹ̀, ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló kú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Toyota kéde ìpèpadà bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ nítorí rọ́bà ìtẹ́lẹ̀ nìkan. Ẹ kọ́ ọkùnrin kọ́ obìnrin tó ń wakọ̀ nílé yín ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára. Ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa gbé e sókè. Tí tọ́tù bá ṣí gbayawu, ẹ́ńjìnnì kì í lè fa afẹ́fẹ́ jáde dáadáa mọ́ nínú ìlù tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́, ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá fi tẹ̀ ẹ́, agbára ìlù náà ti tán, bíréèkì á le. Lẹ́yìn náà, ẹ ju gíà sí N. Ẹ́ńjìnnì á ké bí ẹni pé ó fẹ́ já, ẹ jẹ́ kó máa ké, ẹ ṣáà ya sí ẹ̀bá títì. Tí ọkọ̀ bá ti dúró ni kí ẹ pa á. Ẹ má fa kọ́kọ́rọ́ yọ nígbà tó ṣì ń lọ, stíárìn á há mọ́ yín lọ́wọ́.

Awakọ̀ Abẹ́òkúta:
Mi ò mọ̀ pé ó tó báyìí. Mo ti pe ọmọkùnrin mi pé kó lọ yọ rọ́bà kejì inú ọkọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Mo ti rí i, ó kéré tán, mo ti rí ìkan. Wáyà tọ́tù dára, ó dẹ̀. Nígbà tí mo ń fún àwọn rọ́bà pa, èyí tó ti orí ẹ́ńjìnnì, ibi PCV (fáàfù tó ń dá èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà), lọ sínú manifold ni mo dé, RPM bọ́ láti 1,800 sí bíi 1,200 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo yọ rọ́bà náà. Níbi tó ti tẹ̀ kọrọ, lábẹ́ ibi tí ojú ò dé, ó ti ya bí ẹnu ẹja. Mo rò pé ìgbà tí wọ́n ń fa radiétọ̀ jáde ni wọ́n fi nǹkan gbá a, ó sì ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Mo ra tuntun ní Gate, owó rẹ̀ ò tó ohun tí mo fi jẹun lọ́sàn-án.

Àmọ́ 1,200 ṣì ni. Àti ohun kan: nígbà míràn á lọ sí 1,500, á já wálẹ̀, á tún lọ, bí ẹni tó ń mí gúlegúle.

Mẹkáníìkì Agodi:
O ṣe dáadáa, àbúrò. Mímí gúlegúle yẹn, brain box ló ń ṣe é. Ó rí i pé bọtafláì padé, ó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì ń yára ju bó ṣe yẹ lọ, ó bá gé epo. Ẹ́ńjìnnì bọ́ sílẹ̀, ó tún dá epo padà, afẹ́fẹ́ yẹn tún gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí tí afẹ́fẹ́ fi dín.

Ó wá ku IAC. Yọ rọ́bà ńlá tó ti filter wá sí throttle body. Wàá rí ihò kékeré kan nínú ẹnu rẹ̀, níwájú bọtafláì. Sítáàtì, kí o fi àtàǹpàkò dí ihò yẹn. Tí sílóò bá bọ́ tàbí tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú, IAC ló ń gba afẹ́fẹ́ kọjá. Tí nǹkan kan ò bá yí padà, ibòmíràn ló tún ń jò. Pa ọkọ̀ kí o tó fọ nǹkan kan, kí o jẹ́ kó tutù. Omi ẹ́ńjìnnì ń gba ara IAC kọjá lórí ọkọ̀ yìí, tí o bá tú u nígbà tó gbóná á jó ọ lọ́wọ́. Fi carburetor cleaner àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ ọ́, má fi ọ̀bẹ ha á. Kí o sì lo gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Da coolant sí radiétọ̀, má dá omi kànga padà síbẹ̀, kí o sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ ní ṣíṣí láti ìgbà tó ti tutù, kí afẹ́fẹ́ inú omi lè jáde.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kò ní wáyà tọ́tù, tó jẹ́ iná ló ń ṣí bọtafláì, ẹ má fi ọwọ́ ti bọtafláì yín nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. Mọ́tò inú rẹ̀ lè bàjẹ́. Tí ẹ bá fọ ọ́, sílóò lè ga fún ìgbà díẹ̀ títí brain box á fi tún un kọ́.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ó ti pé ọjọ́ mẹ́rin, mo fẹ́ jábọ̀. Àtàǹpàkò ni mo fi dí ihò, ẹ́ńjìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo tú IAC, inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọ ọ́ títí ó fi ń yí wọ́ọ́rọ́. Mo ra tẹmọsítáàtì tuntun, èmi àti Rewáyà Ọ̀jọ̀ọ́ la jọ dá a padà sí àyè rẹ̀ (Ọlọ́run á bùkún un, kò gba owó lọ́wọ́ mi). Scanner rẹ̀ sọ 61 kí a tó fi tẹmọsítáàtì sí i, lẹ́yìn tí a fi sí i, ó ń sọ 84 sí 90. Sílóò ti wà ní 750. Tí mo bá tan AC, ó ń lọ sí bíi 900, mo gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

Ohun tó kù ni sikúrúù yẹn. Tọ́tù máa ń há díẹ̀ nígbà tí mo bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, bí ẹ ṣe sọ gẹ́lẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Tèmi, ọ̀pá gíà ọ́ìlì jáde dúdú, ó sì ń rùn. Mo ti gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì Agodi, ṣé ẹ mọ ẹni tó mọ gíà dáadáa nítòsí Gate?

Mẹkáníìkì Agodi:
Ìyá wa, mo mọ ẹnì kan, a jọ kọ́ṣẹ́ ni. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ má wà á wá o, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á wá.

Ọmọ Mọ́níyà, gbé tìrẹ náà wá ní Sátidé, ká dá sikúrúù yẹn padà. Alẹ́ Ẹtì ni kí o gbé e sílẹ̀ sí ọ̀dọ̀ mi, kó sùn síbí. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ láàárọ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀, kí n fi etí ara mi gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tó tutù.